Akéwì Tó Yá Òkú Ní Ẹnu

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ bi àwọn ará Halifax, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ náà ló gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́, ẹ̀rù ló ń bà á.

Keziah Sugden, obìnrin ahunṣọ, jókòó sí iwájú pátápátá. Ìkùukùu ti bo fèrèsé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi tan iná gáàsì. Kò wá gbọ́ ewì. Ìbínú ló gbé e wá.

Wọ́n ti yẹgi fún Dorcas, àbúrò rẹ̀, ní York, pé ó fún ìyá ọ̀gá rẹ̀ ní májèlé jẹ. Títí okùn fi kan ọrùn rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun kọ́. Àwọn kan sì gbà á gbọ́. Àfìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Lucian Averill, akéwì, gbé ewì tirẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa sọ ara rẹ̀ di apànìyàn nínú ewì, kó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni. Ó sọ ara rẹ̀ di Dorcas, ó ní, "Èmi ni mo pa á, inú mi sì dùn."

Ẹyin lohùn. Àwọn ará ìlú ní Dorcas ti jẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, ìyá Dorcas àti Keziah ń dá jókòó lórí ìjókòó gbọọrọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó.

Averill bọ́ sí iwájú láti ké ewì náà. Keziah dìde.

"Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Àbúrò mi ò sọ ọ́."

Averill rẹ́rìn-ín. "Òkú ò lẹ́nu, màdáámù. Èmi ni mo yá a ní tèmi."

"Jókòó jàre, ẹ̀gbọ́n apànìyàn!" ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn.

Keziah jókòó. "Dorcas," ó sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, "má jẹ́ kó mú un jẹ."

Averill la ẹnu. "Èmi ni mo…" Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

"Èmi kọ́."

Ohùn obìnrin ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó há, bíi ti ẹni tí nǹkan fún lọ́fun. Iná gáàsì nìkan ló ń súfèé.

"Kezzie, ṣé ò ń gbọ́ mi? Èmi kọ́ o."

Dorcas nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé. Ètè akéwì ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi ń dà lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò dúró. Ìlà pupa kan ń yọ díẹ̀díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, lókè kọ́là.

Ìyàwó rẹ̀ sáré wá di Keziah lápá mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó fi ọkọ mi sílẹ̀! Kò lè mí mọ́!"

Keziah wo ẹ̀yìn. Gbogbo wọn ti gbọ́. Ohun tó tìtorí rẹ̀ wá náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù kó sọ kí Dorcas lè fi akéwì sílẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí ìjókòó gbọọrọ yẹn, òun nìkan.

Ó fa ṣáálì rẹ̀ mọ́ra.

"Má kánjú, àbúrò mi," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."