Ta Ló Ti Bàbá Ẹlẹ́ja Mọ́lé?

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi iná jó ilẹ̀kùn irin yàrá yìnyín ilé iṣẹ́ ẹja títí ó fi gbà, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó sì bá Bàbá Ẹlẹ́ja ní ìjókòó láàárín àwọn àpótí ẹja. Ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ló fi wé orí. Ó ti kú.

Ọlọ́pàá tí wọ́n fi ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́ ni obìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Màmá Ìbéèrè. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ó lè bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó kó ènìyàn mẹ́rin sínú yàrá ìjẹun, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Oníná tó ń tún wáyà ṣe wà níbẹ̀. Àwọn méjì yòókù jẹ́ ọmọ olóògbé, Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kékeré. Àwọn ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé náà tó sì ń tì í. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sítòsí ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jìnnà sí i.

"Èmi ni mo pa bàbá mi," ni Kékeré wí. Ojú rẹ̀ ti wú. "Ètò mi ló tì wọ́n mọ́lé. Ẹ mú mi lọ, Màmá."

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Kí ló tún kù?"

"Ó ku ìbéèrè. Wọ́n ní yàrá yìnyín nìkan ló ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn láti inú, ó sì ti ṣẹ́ tipẹ́. Ta ló yẹ kó tún un ṣe?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. "A ti ránṣẹ́ fún òmíràn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni iná lọ. Nígbà tó padà dé, ilẹ̀kùn tì mọ́ àwọn ènìyàn. Ọ̀gá, Kékeré àti gbogbo òṣìṣẹ́ há sínú yàrá ìjẹun yìí. Kékeré lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, nítorí ó mọ̀ pé bàbá òun kì í bá wọn jẹun, ẹja ló máa ń tò. Ẹ̀gbọ́n há sínú yàrá iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yìnyín, níbi tí wọ́n ti ń tan iná ilé náà tí wọ́n sì ń pa á. Oníná nìkan ló wà níta, òun ló sì lọ pe wẹ́dà.

"Kékeré," ni Màmá wí, "bá mi sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ìyá ẹ. Kí ni ètò yìí ń ṣe tí iná bá lọ?"

"Màmá, tí iná bá lọ, ẹ̀rọ máa gbàgbé gbogbo nǹkan. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ ipò ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tó bá jí, á kà á padà. Mo dá irú kan sílẹ̀, ìyẹn àkójọ ipò tí ilẹ̀kùn lè wà. Ó lè jẹ́ Ṣíṣí, ó lè jẹ́ Títì, ó sì lè jẹ́ Ẹni-wà-nínú, tòun ti orúkọ ẹni náà. Tó bá ti ka Ẹni-wà-nínú, ó gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn."

"Ta ló kọ bó ṣe ń kọ ọ́ àti bó ṣe ń kà á?"

"Mi ò fọwọ́ kọ ìkankan. Ẹ̀rọ ni mo ní kó ṣe méjèèjì fúnra rẹ̀ láti ara irú yẹn, kí ohun tó bá kọ má baà yàtọ̀ sí ohun tó máa kà."

"Ṣí i kí n rí i."

Kékeré ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Èyí kì í ṣe tèmi. Ẹnì kan ti fọwọ́ kọ kíkà tuntun. Ṣíṣí, ó pè é ní Ṣíṣí. Títì, ó pè é ní Títì. Ohunkóhun mìíràn tó bá rí, ó ní kó pè é ní Títì."

Kíkọ pé pérépéré, kíkà ni wọ́n bà jẹ́.

"O lè ti yí i fúnra rẹ kí o sì gbàgbé," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀gá náà sì ti kọ ètò rí kí wọ́n tó di ọ̀gá."

"Èmi kẹ̀?" Ọ̀gá fò dìde. "Oníná ló ń bójú tó yàrá iná!"

"Ẹ jókòó, sà. Oníná, ibo lo wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì, Màmá. Ìdajì orí mi ló tíì gé, ẹ wò ó. Iná wà lọ́dọ̀ tiwọn. Ti ilé yìí nìkan ló lọ. Ẹnì kan ló fọwọ́ pa á."

Orí rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Màmá yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. "Ìwọ ńkọ́?"

"Orí àtẹ̀gùn ni mo wà. Bí iná ṣe lọ, mo sáré wọ yàrá iná láti tún un tàn. Bí mo ṣe tàn án, ilẹ̀kùn tì mọ́ mi."

"Inú òkùnkùn lo wọlé?"

"Inú òkùnkùn ni."

"Kékeré, báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé ènìyàn wà nínú yàrá?"

"Káàdì la fi ń kan ẹnu ọ̀nà, á sì kọ orúkọ wa sílẹ̀."

"Tí iná ò bá sí?"

"Kò lè kọ nǹkan kan."

"Oníná, yàrá ìfọ̀ṣọ tó ṣófo, ṣé ó tì?"

"Kò tì. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé."

Màmá fa àga sún mọ́ Ẹ̀gbọ́n. "Yàrá tí ènìyàn wà nìkan ló tì. Ta ló wá sọ fún ẹ̀rọ pé o wà nínú yàrá iná?"

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bo káàdì tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ká ní inú òkùnkùn lo wọlé, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ ọ́. Á rò pé yàrá náà ṣófo ni, ilẹ̀kùn ò sì ní tì. O ti fi káàdì wọlé kí iná tó lọ. Ìwọ lo pa iná náà."

Kékeré ti dá kíkà tirẹ̀ padà. Ó fi ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ kí iná tó lọ. Yàrá yìnyín, Ẹni-wà-nínú, Bàbá. Yàrá iná, Ẹni-wà-nínú, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú! Ọ̀gá ní ẹnì kan ṣoṣo nínú èmi àti Kékeré ló máa kù síbi iṣẹ́. Bàbá ní Kékeré ni, pé iṣẹ́ tiẹ̀ ló ṣeé gbọ́kàn lé. Mo ní kí wọ́n há díẹ̀, kí ojú ti Kékeré, kí n wá ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mo gbàgbé pé èmi náà ti di ẹni tó wà nínú. Fóònù mi wà lórí tábìlì níta, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni. Mo pa iná, mo tún tàn án, mo tún pa á. Gbogbo ìgbà tó bá jí, Títì ló ń kà."

Kékeré ò pariwo. "Ògiri kan ló wà láàárín yín," ló wí. "Ṣé Bàbá sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n gbọ́ igbe mi." Ẹ̀gbọ́n ò lè wò ó lójú. "Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́. Wọ́n ní Kékeré ló kọ ilẹ̀kùn, pé ó máa tó ṣí. Wọ́n ń sọ ọ́ títí ohùn wọn fi dákẹ́."