Àtùpà Tí Kì Í Ṣẹ́jú

Ní Òkè-Òṣùpá, ìlú dígí tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ní kì í ṣàṣìṣe. Awòwà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo bí èèyàn ṣe ń rìn, bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń bínú. Bó bá rí i pé onítọ̀hún yóò di ọ̀daràn lẹ́yìn ọ̀la, á tan àtùpà pupa sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àtùpà náà á sì máa ṣẹ́jú. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, onílé á jalè tàbí kó lu èèyàn, àwọn ará ìlú á sì pariwo pé, "Awòwà mà rí i!"

Mopélọ́lá ló ṣe ẹ̀rọ yìí. Wọ́n yìn ín, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àbí? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Àkànjí, aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún ọ̀pá afẹ́fẹ́ ṣe, ìjókòó ò gbà á, ìdúró ò gbà á.

Àkànjí wọ ilé ìpamọ́ ìlú, ó jí àtè, ìyẹn oje líle tí wọ́n fi ń dí òrùlé dígí kí afẹ́fẹ́ má baà sá jáde. Bí àwọn àgbà bá dá a lẹ́bi, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n á fi dá a padà sí ayé, kò sì ní fojú kan Òkè-Òṣùpá mọ́.

Mopélọ́lá lọ kí ìyàwó Àkànjí. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó gbójú sókè wo àtùpà pupa tó wà níbẹ̀. Àtùpà Àkànjí ò ṣẹ́jú. Ó kàn ń tàn gbọnrangandan. Àtùpà tí èèyàn bá fọwọ́ tàn nìkan ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó wá rántí: ọjọ́ tí wọ́n ń fi àwọn àtùpà sílé, òun ló tan èyí, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ayọ̀ ọjọ́ náà ni kò jẹ́ kó rántí pa á.

Ó sáré tọ àwọn àgbà lọ. Bàbá Ládàpọ̀, olórí ẹgbẹ́ àáró, ló jókòó sáàárín wọn.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀rọ kọ́ ló tan àtùpà Àkànjí. Èmi ni, mo sì gbàgbé."

"Ọmọ mi, ṣé kò jalè ni?"

"Ó jalè, Bàbá."

"Ó tán nìyẹn. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora."

"Bàbá, kí ló jí? Àtè! Ẹnì kan ò lè dá òrùlé dí níbí, ìdí tí a fi ń ṣe àáró nìyẹn, tí a ń lọ láti ilé dé ilé. Nígbà tó kan ilé Àkànjí, ta ló gbé àtè wá bá a?"

Ládàpọ̀ wá bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí àtùpà? Àtùpà ò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Ìwà làwa fi ń mọ èèyàn."

"Ó dáa. Lọ́la, ilé mi ni àáró kàn. Ẹ wá wò ó nísinsìnyí bí mo ṣe ń fọwọ́ tan àtùpà tèmi. Bí ẹ bá wá bá mi ṣiṣẹ́, kí Àkànjí máa lọ sí ayé. Bí ẹ ò bá wá, ẹ tú u sílẹ̀."

Gbogbo wọn tẹ̀ lé e délé, wọ́n rí i bó ṣe fọwọ́ tan àtùpà náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ní eyín ń dun òun. Òmíràn ní àlejò dé. Ìyá tó wà nílé kejì, tí kì í jẹun kó má bu ti Mopélọ́lá, fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì tìlẹ̀kùn. Mopélọ́lá ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jò lókè orí rẹ̀, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ìgbà tó yá, Ládàpọ̀ yọ lókèèrè, òun nìkan.

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo tàn án," ni bàbá náà wí. Kò súnmọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n ó ṣáà ń tàn."

Mopélọ́lá tọ̀ ọ́ lọ. Bàbá gbé àpò rẹ̀ sí èjìká kejì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

"Bàbá, àpò yín."

Ládàpọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ojú tì í gan-an. Ó yíjú sí ọ̀nà àtìmọ́lé láti lọ tú Àkànjí sílẹ̀, Mopélọ́lá sì ń sáré tẹ̀ lé e.

Wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀. "Ó ti bá ọkọ̀ òwúrọ̀ lọ, tòun tìyàwó rẹ̀," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Ó ní kí òun tó jalè ni òun ti ń wo ara òun bí olè. Ó ní òun ń wá ibi tí wọn ò ti ní máa di àpò mú nítorí òun."

"Àwọn yòókù ńkọ́?" Mopélọ́lá bi Ládàpọ̀ léèrè. "Gbogbo àwọn tí a ti lé lọ?"

Mopélọ́lá padà sílé, ó pa àtùpà rẹ̀. Ìyá ilé kejì ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó rí i pé iná ti kú, ó wo Mopélọ́lá láti òkè délẹ̀, ó sì rọra ti ìlẹ̀kùn padà.