Ìbúra Tí Ọdẹkúnlé Kò Búra

Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a lọ gúnrégé, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì ń ki igi gbágùúdá bọ inú ebè kíákíá, bí ẹni tí ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Leah dúró lójú ọ̀nà oko Ihunbo, àpò ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ebè àkọ́kọ́, ó wo èkejì. Gbogbo igi náà ló dorí kodò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́ kí ewé rẹ̀ máa hù sí ni?"

Ọkùnrin náà nàró. Ó wo igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ogójì ebè tó ti gbìn. "Tíṣà, èwo ni orí rẹ̀, èwo ni ìdí?"

Leah rẹ́rìn-ín títí àpò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú igi hàn án, wọ́n sì jọ hú u, wọ́n jọ tún un gbìn. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ pẹ́ dé iléèwé láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́.

Ọdẹkúnlé ni orúkọ rẹ̀. Ọdún méjìlá ni ó fi ń bá àwọn oníṣòwò ṣètò ìwé ẹrù wọn ní Ìdí-Ìrókò. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ibodè pa. Ọkọ̀ ẹrù dúró, ọ̀gá rẹ̀ ti ọ́fíìsì, òun náà sì padà sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bí a ti ń di ọkọ́ mú.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà yín?" Leah bi í lọ́jọ́ kan.

"Ó ń bà mí. Àràárọ̀ ni mò ń sọ fún Ọlọ́run pé mi ò mọ ọ̀nà. Títí di báyìí, ebè tó kàn nìkan ló ń fi hàn mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá fi gbogbo oko hàn yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sá."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àrùn kòrónà ti iléèwé náà pa. Leah mú ọ̀bẹ, ó lọ bá Ọdẹkúnlé níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Wọ́n jọ ń bó gbágùúdá, wọ́n jọ ń yan gàrí.

"Ayọ̀ mi," ni Ọdẹkúnlé wí lọ́jọ́ kan, "ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bó èyí tó wà nílẹ̀ tán." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀ kan.

Ní oṣù kẹwàá, Ọdẹkúnlé lọ bá Bàbá Alfred, bàbá Leah, tó ti ṣe ajíhìnrere fún ìjọ ní ọgbọ̀n ọdún. Bàbá gbé Bíbélì sórí tábìlì.

"Ará Ìdí-Ìrókò ni ọkọ Purity, ẹ̀gbọ́n Leah. Orí Bíbélì yìí ló ti búra pé òun ò ní fi ọmọ mi sílẹ̀. Oṣù keje èṣí ló kọjá sí Kùtọnù, a ò rí i mọ́. Ìwọ náà, gbọ́wọ́ lé e. Búra pé tí wọ́n bá ṣí ibodè, o ò ní padà síbẹ̀ láéláé. Lọ́la ni màá fi Leah fún ọ."

Ọwọ́ Ọdẹkúnlé kò kúrò lórí orúnkún rẹ̀.

"Bàbá, mi ò ní fi í sílẹ̀. Ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ibi tí Ọlọ́run máa mú mi gbà, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò lè fi Bíbélì Rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ Ọn."

"Ó dáa. Máa lọ."

Leah sáré bá a níta. "Ọ̀rọ̀ kan péré! Ẹ ò lè sọ ọ́?"

"Ṣé irọ́ lo fẹ́ kí n fi fẹ́ ọ ni?"

"Mo fẹ́ kí ẹ fẹ́ mi ni!"

"Màá fẹ́ ọ. Mo máa dúró."

Oṣù méjì gbáko ni Leah kò gba ọ̀nà oko náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọkùnrin náà búra. Nígbà tó yá, àdúrà náà kúrú: "Fi ọ̀nà hàn wá." Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Ọdẹkúnlé ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, á sì dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá lẹ́yìn ìsìn. Orí ni Bàbá fi ń dá a lóhùn. Kò sọ pé kó má wá mọ́.

Ní oṣù kejìlá, ìjọba kéde pé ibodè máa ṣí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kadà ń sáré lọ sí Ìdí-Ìrókò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Leah jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀gúsí, ó sì ń gbójú sókè wo gbogbo èyí tó bá kọjá.

"Tìẹ náà ti bá wọn lọ nìyẹn," ni Purity wí.

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Ọdẹkúnlé fi yọ, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lójúgun rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá.

"Bàbá, ọ̀gá mi ti ń pè mí lórí fóònù láti òwúrọ̀, mi ò tíì gbé e. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan Leah, mi ò lè dá a dáhùn. Mo ní ká jọ gbé e yẹ̀ wò."

Purity ló kọ́kọ́ lanu.

"Èyí tó búra ò sọ fún mi. Orí okùn aṣọ ni mo ti mọ̀. Mo dé, ṣòkòtò rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. "Leah, kí lo rí sí i?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀ ná, èmi pẹ̀lú wọn. Gbágùúdá ò ní sá. Tí Ọlọ́run bá ní ká padà, a mọ ọ̀nà ilé."

"O ò bínú sí mi mọ́?" ni Ọdẹkúnlé bi í.

"Mo ṣì ń bínú. Ìyẹn ò ní kí n má bá yín lọ."

Fóònù tún dún. Bàbá nawọ́ sí i.

"Gbé e. Sọ fún un pé o ò tíì lè dáhùn. Sọ fún un pé ìwọ àti ìyàwó rẹ ń bọ̀ wá wo ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ọdẹkúnlé fa fóònù náà yọ, Leah ló bá a tẹ̀ ẹ́.