Ìlà Kan Tí Dámiláre Kò Kà

Bí o bá mọ Olúwadámiláre, ọmọ Ọ̀kà Àkókó, lọ́dún tó kọjá, o mọ agbéraga. Oṣù mẹ́rin péré ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́ tó ti ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ AI, ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn, ló ń bá a kọ gbogbo rẹ̀. Kò ní kà á, yóò ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́," bí ẹni tó ra iyán tó ń fi odó yangàn.

Ìtùnú, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, bá a wí títí. "Èmi náà ń lò ó, àmọ́ mi ò ní gba ìlà kankan tó bá kọ tí mi ò lè ṣàlàyé. Dámi, irọ́ lò ń pa, Ọlọ́run sì ń wò ẹ́."

Dámiláre kàn fi í rẹ́rìn-ín.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ọ̀kà gbé iṣẹ́ fún un: ètò tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wá gba oògùn. Ìyá rẹ̀ wà lára wọn. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni nọ́ńbà fóònù kan, kí ètò yọ ẹni kejì tó bá ní nọ́ńbà kan náà. Ibo ni ẹ̀rọ ti fẹ́ mọ̀ pé fóònù kan ni ìyá Dámiláre àti Bridget, àbúrò ìyá náà tí òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, jọ ń lò? Dámiláre mọ̀. Kò kàn kà á ni.

Ọjọ́ oògùn pé, Bridget nìkan ni àtẹ̀jíṣẹ́ pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Àtẹ̀jíṣẹ́ tèmi ò tíì wọlé. Ọmọ mi ló ṣe é, kò lè gbàgbé mi."

Oògùn ìyá tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ohùn rẹ̀ sì lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé e lọ ní Ìkàrẹ́, Dámiláre ka ètò náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí ìlà tó yọ ìyá rẹ̀, ó figbe ta sí Ìtùnú tó wá kí wọn.

"Ìtùnú, irọ́ mi ló ṣe ìyá mi báyìí!"

"Mi ò ní sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni Ìtùnú wí, òun náà ń sunkún. "Ṣùgbọ́n Jésù kú fún òpùrọ́. Jẹ́wọ́ fún Un."

Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó sunkún bí ọmọdé, ó fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn Ọ̀kà náà. "Ẹ forí jì mí, sà. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, n kò sì kà á." Wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n rí àwọn méje mìíràn tí ètò náà ti yọ, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wọ́n kíákíá.

Jésù ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n títí di òní, ìyá rẹ̀ ò tíì lè pe orúkọ rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, irọ́ wo ni ìwọ náà fi ń yangàn? Má ṣe dúró de ẹkún. Jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Jésù lónìí, níbi tó o jókòó sí yìí. Kó o sì dìde, kó o lọ sọ òtítọ́ fún ẹni tó ò ń tàn, nígbà tí ó ṣì lè dá ọ lóhùn.