Ojú Tí Tàdáwà Yàn

Hedwig Sailer ya irùngbọ̀n sí ojú ọkùnrin inú àwòrán náà lánàá. Èyí dá a lójú. Ìlà tín-ín-rín tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló fi gègé fà sí àgbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ká aṣọ kúrò lórí bébà láàárọ̀ yìí, irùngbọ̀n ti lọ, àgbọ̀n sì ń dán bí ẹyin.

Ó gbé bébà náà sún mọ́ fèrèsé. Yìnyín ń bọ́ sórí òrùlé àwọn ilé Vienna, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé sì funfun báláú. Kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ha nǹkan kan kúrò.

Inú iyàrá iṣẹ́ Anselm Truchner ló wà, aṣẹ̀dá orin tó kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo orin rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan, àwòrán rẹ̀ ni yóò sì ṣíwájú ìwé náà. Ère ojú rẹ̀, tí wọ́n tẹ amọ̀ funfun mọ́ ojú òkú rẹ̀ láti fi gbà, wà lórí tábìlì. Òun ni Hedwig ń wò yà. Leopold, ọmọ àbúrò olóògbé, ló gbé ìgò tàdáwà kan fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

“Èyí ni bàbá fi kọ gbogbo orin wọn,” ló wí. “Òun ni kí o lò, ó yẹ wọ́n. Orúkọ rẹ la ó sì kọ sísàlẹ̀ àwòrán.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni Hedwig gbé sùn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń ya àwòrán ní ṣọ́ọ̀bù Korbinian, àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè di ṣíbí mú. Síbẹ̀ ọwọ́ gbígbọ̀n náà ló ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ gbogbo iṣẹ́ Hedwig. Wọ́n ní àwòrán tí obìnrin bá yà kì í tà.

Ó tún irùngbọ̀n náà yà, ó sì tẹ gègé mọ́lẹ̀ dáadáa. Irú tàdáwà yìí kò ṣàjèjì sí i: bí a bá kọ́kọ́ fi kọ̀wé, á rí bí omi eérú, tó bá sì di ọjọ́ kejì á dúdú. Èyí tó ń ṣa ìlà tí yóò dúdú ni kò rí rí. Lọ́sàn-án, ó wo inú ìgò. Ó ti ki gègé bọ̀ ọ́ ní ìgbà tí kò níye, síbẹ̀ tàdáwà ṣì kún dé ọrùn ìgò.

Lọ́jọ́ kẹta, irùngbọ̀n tún ti lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tẹ́ẹ́rẹ́. Àmì dúdú kan tí Hedwig kò yà wà lẹ́bàá etí òsì. Ojú méjèèjì, tó yà kí ó máa wo ẹni tó ń wò ó, ti yí sí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn ààrò tó ń mú iyàrá náà gbóná.

Màmá Walburga, tó ti ń se oúnjẹ nínú ilé náà láti ìgbà èwe rẹ̀, gbé kọfí wọlé.

“Ọmọ yìí, o ò jẹun látàárọ̀. Àbí o fẹ́ kí wọ́n wá fi amọ̀ gba ojú tìẹ náà ni?”

Hedwig rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò bá a rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti rí bébà, ó sì gbé kọfí náà kalẹ̀.

“Ta ló sọ fún ẹ nípa Rosina?”

“Ta ni Rosina, Màmá?”

“Rọra sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tó kú yìí ni, lóbìnrin. Inú iyàrá tó wà lẹ́yìn ààrò yẹn ló ti ń kọ orin, ọ̀gá á máa fi orúkọ tiwọn gbé e jáde. Wọ́n ní ta ló máa ra orin obìnrin.”

“Ìgbà wo ló kú?”

“Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.”

Hedwig ronú. Orin Truchner tí wọ́n kọ ní ilé ìjọsìn ńlá ní Àjíǹde tó kọjá kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tó jáde. “Àwọn tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ńkọ́?”

Ìyá náà wo ilẹ̀kùn kékeré. “Láràárọ̀ ni ọ̀gá máa ń gbé bébà òfìfo àti ìgò yẹn síbẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Tó bá di ọ̀sán, bébà á ti kún. Èmi ni mo máa ń nu ibẹ̀, ọmọ mi. Àga ibẹ̀ kì í tutù.”

Leopold ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àwòrán náà, ẹnu kò sì yà á. Èyí ló ba Hedwig lẹ́rù jù.

“Kò tíì rẹ Rosina síbẹ̀,” ló rọra wí. Ó gbé ìgò tuntun kalẹ̀. “Fi èyí ya òmíràn. Orúkọ rẹ á wà nísàlẹ̀, mo ti sọ fún àwọn atẹ̀wé.”

“Orúkọ ti Rosina ńkọ́, sà?”

“Kí ni òkú fẹ́ fi orúkọ ṣe?”

“Òkú ni bàbá pẹ̀lú, sà.”

Màmá Walburga fi ẹ̀wù ìdáná bo ẹnu.

Hedwig wo ìgò tuntun náà. Kí a má parọ́, ó wù ú. Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ó rántí ọwọ́ gbígbọ̀n tó ń kọjá lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ki gègé bọ inú ìgò àtijọ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán: Rosina Truchner. Gègé fúyẹ́, bí ẹni pé ó ń ṣíwájú ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Leopold ká bébà náà, ó jù ú sínú ààrò. “O ti fi ọwọ́ ara rẹ pa orúkọ rẹ,” ló wí.

Hedwig mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Títí tó fi jáde, kò gbọ́ ìró bébà tó ń jó nínú iná.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá Korbinian lórí ìjókòó, tó kọjú sí ògiri.

“Hedwig,” ló wí, “ta lo jẹ́ kó wọlé?”

Lábẹ́ gbogbo àwòrán tó wà lára ògiri, orúkọ Korbinian ti ṣá títí ó fi dà bí omi. Orúkọ Hedwig ló dúdú níbẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀. Òórùn tàdáwà náà, bí òórùn irin, gba inú ilé.

Bébà òfìfo tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ ti kún fún àmì orin. Wọ́n ṣì rí bí omi eérú, wọ́n ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ fi àyè orúkọ sílẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń dán ènìyàn wò. Hedwig kò jókòó. Òòró ló dúró tó fi kọ orúkọ Rosina síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àga ara rẹ̀.

Ó gbóná.