Ewì Tí Jẹ́jẹ́ Fi Tọrẹ

Ohùn ẹlòmíràn ló ń ka ewì Jẹ́jẹ́ sókè. Gbajúmọ̀, olórí kíláàsì, dúró níwájú pátákó, ó ń kà á bí ẹni tí kò bẹ̀rù ohunkóhun:

“Gbogbo aṣọ tó so rọ̀ ló ní orúkọ ẹni tí ń bọ̀ wá gbà á.
Èmi náà dúró láàárín wọn.
Mo wo ọrùn ara mi, n kò rí orúkọ kankan níbẹ̀.”

Jẹ́jẹ́ tẹ orí ba lórí àga ẹ̀yìn. Òun ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi ẹni tó ń kà á.

Iṣẹ́ tí tíṣà ewì fún wọn ló fà á. Ó ti ṣàlàyé pé ìgbà kan wà tí ìlú ńlá ń gbé èèyàn mì, tí ogun tú ẹbí ká, tí ọkàn àwọn akéwì kò sì balẹ̀ mọ́. “Orin dídùn tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn kò gba ohun tó wà nínú wọn,” ni ó wí. “Ni wọ́n bá já ìlà ewì sí wẹ́wẹ́. Wọ́n kọ̀wé nípa ẹni tó wà láàárín èrò tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òun tilẹ̀ tó èèyàn. Kí kálukú lọ kọ tirẹ̀. Máàkì rẹ̀ wà nínú ti ìdánwò àṣekágbá.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín pé ewì tí kò ṣe é kọ lórin, ewì wo nìyẹn. Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é bí ẹni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun.

Kò tíì pẹ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ kó dé àdúgbò náà, lẹ́yìn tí iṣẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí òkèèrè. Ìyá rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n sì ń gbé. Ní ilé-ìwé, kò sí ẹni tó bá a jà, kò sì sí ẹni tó bá a ṣeré. Bí wọ́n bá jáde fún ìsinmi, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á ṣí ìwé, á máa ṣe bí ẹni pé òun ni kò ráyè tiwọn.

Ìdí tábìlì tí ìyá rẹ̀ ti ń lọṣọ ló ti kọ ewì náà. Bó ṣe kọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà á. Bí òun bá ka irú èyí níwájú kíláàsì, gbogbo wọn á mọ̀ pé òun kò lẹ́nì kankan. Àfi bí Gbajúmọ̀ ṣe wá bá a lọ́jọ́ kejì.

“Jẹ́jẹ́, wọ́n ní o mọ̀wé kọ. Bá mi kọ tèmi. Kó o wá máa bá wa jókòó nígbà ìsinmi, ṣó o gbọ́? Ọ̀rẹ́ wa ni ẹ́ látòní lọ.”

Jẹ́jẹ́ fún un ní ewì òótọ́ yẹn, ó wá kọ òmíràn nípa òjò àti òdòdó fún ara rẹ̀. Ó rò pé òun gbọ́n: òun ti ní ọ̀rẹ́, àṣírí òun sì ti bò. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín wọn, ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á bá wọn rín ẹ̀rín tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Ní báyìí, tíṣà kúrò lójú fèrèsé, ó sún mọ́ Gbajúmọ̀. “Ó dára gan-an. Aṣọ wo nìyẹn?”

“Aṣọ títà ni, sà. Ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Ṣé aṣọ títà máa ń ní orúkọ ẹni tí ń bọ̀ wá gbà á ni?”

Ojú Gbajúmọ̀ sáré wá Jẹ́jẹ́ kàn lẹ́yìn.

“Lọ ronú sí i,” ni tíṣà wí. “Lọ́la, wàá ṣàlàyé ewì yìí fún wa. Bí kì í bá ṣe ìwọ lo kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà di ti ọ̀gá àgbà.”

Nígbà tí wọ́n jáde ilé-ìwé, Gbajúmọ̀ tẹ̀ lé Jẹ́jẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Jẹ́jẹ́ ń wọ́n omi sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan, èéfín ń rú lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Gbajúmọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó wá gbójú sókè. Aṣọ so rọ̀ láti ògiri dé ògiri, wọ́n fi píìnì so bébà kékeré tí wọ́n kọ orúkọ sí mọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ibí ni,” ni ó sọ jẹ́jẹ́. “Ó yá, sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi, kí n há a sórí.”

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kan bébà ọrùn aṣọ kan. “Ó túmọ̀ sí pé bí mi ò bá wá síléèwé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Gbajúmọ̀ jókòó tì í. “Ṣó o rò pé ìwọ nìkan ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń wá ẹ̀fẹ̀ tí màá fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ẹ̀fẹ̀ bá tán, wọ́n á lọ bá ẹlòmíì. Nígbà tí mò ń kà á lónìí, bí ọ̀rọ̀ ara mi ló rí.”

Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. “Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ. Kí lẹ̀yin ọmọ yìí ń bá fà?”

Wọ́n rò ó fún un. Kò pariwo. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. “O wà nínú irú èyí, o ò sì sọ fún mi?”

“Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún máa ro tèmi mọ́ ti bàbá mi, mà.”

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi tí mò ń bá áyọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ńkọ́? Àbí o rò pé orin ni mò ń kọ?”

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà pe Gbajúmọ̀ dìde. Kó tó la ẹnu, Jẹ́jẹ́ ti dìde.

“Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Mo fún un torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara mi ni.”

“Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, sà,” ni Gbajúmọ̀ fi kún un.

Ẹ̀rín sọ. Òdo ni àwọn méjèèjì gbà. Ọ̀gá àgbà gba ipò olórí kíláàsì lọ́wọ́ Gbajúmọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ṣí lọ bá olórí tuntun bí èèrà tó gbọ́ òórùn ṣúgà níbòmíràn. “Aláìlórúkọ” ni wọ́n ń pe Jẹ́jẹ́ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń dùn ún dé egungun.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó jẹ́wọ́ yẹn gan-an, nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, tíṣà pè é síwájú. “Máàkì ti lọ. Ewì ṣì wà. Wá kà á fúnra rẹ.”

Ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì kó tó kà á tán. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Agbábọ́ọ̀lù kíláàsì, ẹni tí gbogbo wọn máa ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní pápá, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ojú ilẹ̀ ló ń wò.

“Báwo lo ṣe mọ ohun tó ń ṣe mí?” ni ó bi í.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àyà Jẹ́jẹ́ ṣì máa ń já bó bá ń wọ kíláàsì. Ìdánìkanwà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bọ́ sílẹ̀ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n Gbajúmọ̀ ti ń kọ ewì ti ara rẹ̀, kò sì dára rárá. Àwọn méjèèjì máa ń jiyàn lé e lórí títí aago á fi lù. Ẹni tó bá fi ohùn ara rẹ̀ ra ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ tí kò mọ ohùn rẹ̀ ni yóò rí. Ìbẹ̀rù tí a sì fi pa mọ́ bí ẹni pé tiwa nìkan ni, ó lè jẹ́ òun gan-an ni ẹni tó jókòó tì wá ń fi pa mọ́. Jẹ́jẹ́ pàdánù máàkì kó tó mọ èyí. Ìwọ tí ò ń kà á, má dúró dìgbà tí o bá pàdánù tìrẹ.