Hàbíbátù, Olùtọ́jú Ẹsẹ̀

Ọmọge kan tó wọ kóòtù funfun, tó kúnlẹ̀ sínú eruku nítòsí bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù Pleasure, ni Ṣàfíù gbójú sókè tó rí. Ó gbé ẹsẹ̀ bàbá àgbà kan lé itan, ó ń fi ìka tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun àti bàbá nìkan ló wà ládùúgbò. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ Ṣàfíù ló kọrí sí, ó mú bàtà bàbá náà dání.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ rán bàtà yìí?"

"Èmi ni. Ó rẹwà, àbí?"

"Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ó ti bó bàbá lẹ́sẹ̀, bàbá ò sì mọ̀. Àtọ̀gbẹ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kú, wọn ò gbọ́ ìrora mọ́. Irú egbò báyìí ló ń mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ èèyàn."

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ṣàfíù, bàtà rẹ̀ sì lókìkí títí dé Ìpájà. Kò bá a jiyàn. Ó yí bàtà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ẹ wá fi hàn mí bó ṣe yẹ kí n rán an."

"Ẹ ò bínú?"

"Tí ẹ bá tún wá lọ́la, mi ò ní bínú rárá."

Hàbíbátù rẹ́rìn-ín, ó sì wá lọ́jọ́ kejì. Ìlú London ló ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀, ọdún 1991 yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bó ṣe ń ṣàlàyé ibi tí bàtà ti ń ha ẹsẹ̀, ni Ṣàfíù ń gé awọ. Kò pẹ́ tí 'ẹ' fi di 'o', tí Hàbíbátù fi di Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu Ṣàfíù.

Alhaji Àmúsà, bàbá Hàbíbátù, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò fẹ́ gbọ́ rárá.

"Mo rán ọ lọ sí òkè òkun, o wá ń gé èékánná arúgbó! O tún fẹ́ fẹ́ ṣúmékà lé e!"

Ilé ìwòsàn ìjọba tí Hàbíbátù lọ wáṣẹ́ sí náà ò ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ní kò sí ipò tó ń jẹ́ olùtọ́jú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, àfi kó wá máa bá àwọn nọ́ọ̀sì gbé báńdéèjì. Ó kọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ rẹ̀ ní London tẹ̀ ẹ́ láago: iṣẹ́ wà fún un lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ̀ ní kó máa di ẹrù.

Hàbíbátù sáré lọ sọ fún Ṣàfíù. "Kí lo rí sí i?"

"Mi ò ní dá ọ dúró, Àbẹ̀kẹ́."

"O ò tiẹ̀ lè bẹ̀ mí!" Omi ti lé sí i lójú.

"Tí mo bá bẹ̀ ọ́, tí nǹkan ò wá rọgbọ, èmi ni wàá máa wò láìdáa. Tí o bá máa dúró, dúró nítorí iṣẹ́ rẹ. Tí o bá lọ, mo ṣì wà níbí. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Hàbíbátù nu ojú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà sí ilé ìwòsàn, ó lọ bá Dókítà Ọdẹ́tọ́lá, oníṣẹ́ abẹ tó ń gé ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ.

"Sà, mi ò wá tọrọ iṣẹ́. Ẹ fún mi ní yàrá kan. Kí ẹ tó gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, iṣẹ́ gidi ni."

Dókítà náà mí kanlẹ̀. "Ó ti sú mi láti máa gé ẹsẹ̀, ọmọ mi. Èmi fúnra mi á bá wọn jà fún ipò rẹ. Bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Alhaji Àmúsà wá bá ọmọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ London. Èrò pọ̀ níwájú yàrá náà, ni wọ́n bá ní kó jókòó dè é. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Alhaji, wọ́n ti ní àwọn máa gé ọ̀tún yìí. Dókítà ẹsẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Bàtà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rán ni mò ń wọ̀ yìí."

Alhaji wo àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde, ó rí Dókítà Ọdẹ́tọ́lá tó kan ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ kó tó wọlé. Ó dìde láìrí Hàbíbátù, ó kọrí sí Pleasure.

"Ṣàfíù."

"Ẹ káàbọ̀ sà!" Ṣàfíù dọ̀bálẹ̀ láàárín awọ.

"Ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ fẹ́ wá tọrọ ọmọ mi? Àbí èmi ni kí n wá tọrọ rẹ?"

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí àlejò ti ń túká, Hàbíbátù fi orí lé èjìká ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n á kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì orílẹ̀-èdè yìí lọ́jọ́ kan. Gbogbo ilé ìwòsàn á ní olùtọ́jú ẹsẹ̀ tirẹ̀."

"Ta ló máa kọ́ wọn?"

"Èmi."

"Èmi ńkọ́?"

"Kíláàsì bàtà ni tìẹ. Má sì pẹ́ dé, tíṣà."